Kí Ẹ Tó Lọ Sí Ọ̀wẹ̀ Open Source, Ẹ Wò Ó Bóyá Onílé Wà Nílé

Ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Ó ti pẹ́ tó ti parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lọ́dọ̀ wa, ó ti wá kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fẹ́ dá sí iṣẹ́ open source. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ibi tí mo yọjú sí, iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ni mò ń rí. Níbo lèmi fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn kàn mí lára, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, mo rí ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń kọ Yorùbá bó ṣe wù ú. Mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo tún bí igba ọ̀rọ̀ kọ, mo fi ránṣẹ́. Oṣù kan kọjá, ìkejì kọjá, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìgbà tó yá ni mo tó wò ó dáadáa: ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Ilé tí onílé ti kó kúrò ni mo lọ ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Iṣẹ́ mi kò burú; ibi tí mo gbé e lọ ni kò dáa.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí, ètò tí a bá pè ní open source, àwọn tó kọ ọ́ ti ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á, kí wọ́n lò ó, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì pín in. Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991 jẹ́ bẹ́ẹ̀. MediaWiki tí Wikipedia dúró lé lórí náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi í wé nǹkan ilé wa, kì í ṣe àáró, ọ̀wẹ̀ ni. Nínú àáró, bí mo bá bá ọ roko lónìí, o jẹ mí ní ọjọ́ kan. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ló pe ará àdúgbò, òun náà ni yóò sì fi iṣẹ́ han kálukú. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gun òrùlé lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀, òun náà kọ́lé.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Àkọ́kọ́, ṣé onílé wà nílé? Lórí GitHub, níbi tí ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí wà, ẹ máa rí ọjọ́ tí wọ́n ṣe àtúnṣe gbẹ̀yìn lójú ewé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ṣí ibi tí wọ́n kọ "Pull requests" sí. Àtúnṣe tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ ka márùn-ún tàbí mẹ́fà tó kẹ́yìn. Ṣé wọ́n dáhùn? Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó? Báwo ni wọ́n ṣe bá ẹni tó ṣàṣìṣe sọ̀rọ̀? Bó bá jẹ́ èébú lẹ bá níbẹ̀, ẹ yáa bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Èkejì, ṣé wọ́n ń retí àlejò? Ilé tó ń retí àlejò máa ń ní ìwé mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. README ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún, CONTRIBUTING ń sọ bí a ṣe ń dá sí i, LICENSE sì ni ìwé àṣẹ. Níbi tí kò bá ti sí ìwé àṣẹ, òfin kò gbà yín láyè láti tún iṣẹ́ oníṣẹ́ lò, ìbáà wà ní gbangba. Wọ́n tún máa ń lẹ àmì "good first issue" mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti "help wanted" mọ́ èyí tí wọ́n ń wá olùrànlọ́wọ́ sí. Ẹ lè tẹ label:"good first issue" sínú àpótí ìwákiri GitHub. Bí ẹ bá sì ti mọ iṣẹ́ tó wù yín, ẹ fi /contribute kún ìparí àdírẹ́sì rẹ̀, irú iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ á jáde. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹlòmíràn ti gbà á ṣe.

Ẹ̀kẹta, èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí lẹ mú dání? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ohun tí ẹ mọ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ ètò. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ọ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Ńṣe la ń gbé àmì ohùn lé ọ lórí. Ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ ó, kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ètò tí wọn kò kọ dáadáa, méjì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá ọkọ́ tí a fi ń roko nínú ìwé, kí ètò ní kò sí, nígbà tí ẹ̀yin ń wò ó kòrókòró. Àwọn ètò míì á tilẹ̀ bó àmì náà dànù. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á wá di bákan náà. Ọ̀gá tó kọ ètò náà ní Jámánì lè má rí àléébù yìí láéláé. Ẹ̀yin á rí i ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ ọ́ fún wọn: ohun tí mo tẹ̀ rèé, ohun tí mo retí rèé, ohun tó jáde rèé. Ẹ ti dá sí iṣẹ́ nìyẹn, ẹ ò sì tíì kọ ìlà kóòdù kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Àwọn ibi kan tilẹ̀ wà tí kò béèrè kóòdù rárá. Ní Common Voice tí Mozilla dá sílẹ̀ lọ́dún 2017, ẹ ó ka gbólóhùn Yorùbá sókè, ẹ ó sì gbọ́ ti ẹlòmíràn bóyá ó kà á re. Ní translatewiki.net, ẹ lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń hàn lójú Wikipedia. Masakhane, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019, ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè Áfíríkà; ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Zulu ni pé "ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ".

Ìkìlọ̀ kan ṣá o. Ẹ má torí orúkọ tàbí ẹ̀bùn da iṣẹ́ rẹpẹtẹ bo onílé. Lọ́dún 2020, lásìkò Hacktoberfest, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn fi àtúnṣe tí kò nítumọ̀ kún ilé onílé, títí àwọn olùṣètò fi ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ilé tí kò bá pè é.

Mo sọ gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó mú ètò kan tó ń lò lórí fóònù rẹ̀, ó wo ohun mẹ́ta náà, ó sì fi àtúnṣe kan ṣoṣo ránṣẹ́: àmì abẹ́ lẹ́tà tí wọ́n gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Wọ́n dá a lóhùn lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbà á wọlé. Ẹ lè ní kí ni àmì kan fẹ́ ṣe. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ ni àwọn ọmọ-ọmọ wa máa gbà pé ó tọ̀nà. Bí àwa tá a mọ̀ ọ́n kò bá tún un ṣe, ta ni yóò ṣe é?

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú ètò kan, ẹ wo ohun mẹ́ta yẹn, ẹ fi nǹkan kékeré kan ránṣẹ́. Kí ẹ wá sọ bó ṣe rí fún mi. Ire o.