Ìdúróṣinṣin Nínú Ìgbàgbọ́: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Èbúté-Mẹ́ta

Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu mọ̀ dájú pé kì í ṣe ewé tí ń tàn lórí igi ni òun yóò gbé relé, bí kò ṣe ohun tí ó wà nínú ebè, tí ojú kò rí. Ewé lè tutù yọ̀yọ̀ kí iṣu ìdí rẹ̀ má tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìgbàgbọ́ rí. Àdúrà tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, àti àwẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ewé ni wọ́n jẹ́ bí ìrẹ̀lẹ̀ kò bá sí nísàlẹ̀ wọn.

Ohun mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ni nínú ìjọ máa ń dárúkọ pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin: àdúrà, àwẹ̀, àti ìrẹ̀lẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn, nítorí pé wọ́n ṣe é kà. A lè ka wákàtí tí a fi gbàdúrà, a sì lè ka ọjọ́ tí a fi gbààwẹ̀. Ìkẹta ni kò ṣe é kà, òun náà ni ó sì ṣòro jù. Láti mọ bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ó dára kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó, ní òdìkejì ọ̀sà, láàárín Èbúté-Mẹ́ta àti Yábàá.

Èbúté-Mẹ́ta kì í ṣe àjèjì sí ìdánwò ìgbàgbọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ifọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. A kó ẹrù inú ilé ìsìn àti ilé àwọn òyìnbó oníwàásù, àwọn òyìnbó náà sì ní láti fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá fi ilé àti oko wọn sílẹ̀, wọ́n sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta láti tẹ̀dó sí. Nígbà tí iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896, àwọn òṣìṣẹ́ láti ìlú púpọ̀ tún wá kún wọn. Báyìí ni ó fi di ibi tí àwọn àjèjì ti ń kọ́ bí a ti ń dúró níwájú Ọlọ́run láìní ẹbí tàbí ogún baba tí a lè fara tì.

Ní àdúgbò yìí kan náà, ní Òpópó Willoughby, ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Josiah Akindayomi kó àwọn ènìyàn díẹ̀ jọ sínú ilé ní ọdún 1952 láti máa gbàdúrà. Oǹdó ni a ti bí i ní ọdún 1909, láàárín àwọn tí ń bọ Ògún. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ó ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ C.M.S.; lẹ́yìn èyí ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù, ó sì pẹ́ láàárín wọn. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa ni a pe àwọn tí ó kó jọ, ìtàn ìjọ náà sì wí pé ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àdúrà ni iṣẹ́ wọn, àwẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ràn án lọ́wọ́. Láti inú ẹgbẹ́ kékeré yìí ni ìjọ tí a ń pè ní The Redeemed Christian Church of God ti jáde.

Àwọn ọmọ ìjọ náà máa ń sọ pé nínú ìran ni orúkọ yìí ti hàn sí bàbá náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí kò lè kà, àti pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí i. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí nínú ìtàn yìí ni pé a kò fi àìmọ̀wé rẹ̀ pamọ́. Agbéraga ìbá ti sá fún àwọn ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n má baà rí àléébù rẹ̀. Ìbá ti kó kìkì àwọn tí kò mọ̀ tó o yí ara rẹ̀ ká. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà kí ẹlòmíràn jẹ́ ẹnu fún un ní èdè tí kò gbọ́.

Kò jìnnà sí Èbúté-Mẹ́ta, ní Akọka lẹ́bàá Yábàá, ni Yunifásítì ti Èkó wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Enoch Adébóyè, ọmọ Ifẹ̀wàrà, ti ń kọ́ni ní ìṣirò. Ohun tí ó ń lépa ga púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìfẹ́ ọkàn òun ni kí òun di ọ̀gá àgbà yunifásítì tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù lọ ní Áfíríkà. Ní ọdún 1973 ó wá sí ìjọ bàbá náà. Ní ọdún 1975 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò.

Iṣẹ́ tí a sì rí i tí ó ń ṣe nínú ìjọ ni iṣẹ́ ògbifọ̀. Bàbá náà a máa wàásù ní èdè Yorùbá, ọ̀mọ̀wé yìí a sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Ògbifọ̀ kò gbọdọ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un. Bí èrò tí ó dára bá sọ sí i lọ́kàn, kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ó tó lanu, nígbà tí oníwàásù bá sì dákẹ́, òun náà gbọ́dọ̀ dákẹ́. Fún ẹni tí ó ti kàwé títí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dìde fún, àwẹ̀ ni èyí, ó sì le ju àwẹ̀ oúnjẹ lọ. Àgbà náà pẹ̀lú rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ògbifọ̀ lọ́wọ́ ti fi iyì rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àwọn àgbà a máa wí pé, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1980, Josiah Akindayomi sùn nínú Olúwa. Ẹni tí ó ti yàn láti gba ipò rẹ̀ ni ògbifọ̀ yìí, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, tí kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1981 Adébóyè di alábòójútó àgbà ìjọ náà. Ní ọdún 1984 ó fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀ pátápátá, ó sì gbàgbé ipò tí ó ti ń lépa. Lónìí ìjọ náà ti tàn dé ilẹ̀ púpọ̀ ní ayé, ọ̀pọ̀ èrò sì ń wọ́ lọ sí àgọ́ rẹ̀ tí ó wà ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Àwọn kan lè wo títóbi yìí, kí wọ́n sì wí pé, “Ẹ wo èrè àdúrà àti àwẹ̀.” Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á dáradára. Láti ọdún 1952 sí ọdún 1980 jẹ́ ọdún 28. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ìjọ náà kò tóbi, bàbá náà sì kú láìfi ojú rí ohun tí ayé ń rí lónìí. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé èrè ni ó fi ń dúró, kì bá ti dúró. Ẹni tí ó ń gbààwẹ̀ nítorí ohun tí yóò rí gbà yóò ṣubú ní ọjọ́ tí kò bá rí i gbà. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìránṣẹ́ ni òun lè dúró, ìbáà rí i, ìbáà má rí i, nítorí pé kò sí ìránṣẹ́ tí ń bá olúwa rẹ̀ ṣe àdéhùn iye ọjọ́ tí òun yóò dúró dè é. Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ fún ìjọ kan ṣoṣo. Olúkúlùkù tí ń jẹ́ orúkọ Kristi, nínú ìjọ yòówù kí ó wà, ni ó kàn.

Ìwé Mímọ́ kò pa èyí mọ́ fún wa. Wòlíì Aísáyà bá àwọn tí ń gbààwẹ̀ wí nítorí pé wọ́n ń jà, wọ́n sì ń ni àwọn alágbàṣe wọn lára ní ọjọ́ àwẹ̀ gan-an. Farisí tí ó gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì gbààwẹ̀ ní tòótọ́, kò purọ́; síbẹ̀ agbowó òde tí kò lè gbójú sókè ni ó padà sílé ní ìdáláre. Kì í ṣe àwẹ̀ ni ó ba ti Farisí náà jẹ́. Ojú tí ó fi wo ẹnìkejì rẹ̀ ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí oko àti sí ilé. Àwẹ̀ Lẹ́ńtì máa ń bọ́ sí àkókò tí àgbẹ̀ ń ṣán oko, tí ó ń kọ ebè, tí ó sì ń dúró de òjò àkọ́rọ̀. Oòrùn a mú, iṣẹ́ a sì pọ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ni láti mọ̀ pé erùpẹ̀ ni ara wa, kì í ṣe irin. Nítorí náà, kí àwọn tí ń gbààwẹ̀ kíyèsí nǹkan wọ̀nyí:

Kí ẹni tí ń kọ ebè nínú oòrùn má ṣe fi omi du ara rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gba àwẹ̀ aláìfomi, kí ó yan ọjọ́ tí kò ní lọ sí oko.

Kí aboyún, abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọdé, àti arúgbó tí ara rẹ̀ kò le má ṣe febi pa ara wọn. Wọ́n lè fi ohun mìíràn gbààwẹ̀: kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àìdáa, tàbí ìgbádùn kan tí wọ́n fẹ́ràn, sílẹ̀.

Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí ọgbẹ́ inú, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, bi dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì ṣe dá oògùn dúró nítorí àwẹ̀. Bí ọwọ́ alátọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kí ó mu ohun dídùn lójú ẹsẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Olúwa kò béèrè ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwẹ̀.

Nígbà tí a bá fẹ́ ṣínu, kí a kọ́kọ́ mu omi, kí a sì mu ògì tàbí kí a jẹ èso díẹ̀. Òkèlè iyán ńlá lójijì a máa da inú rú.

Oúnjẹ tí a kò jẹ ní ọ̀sán, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ìlọ́po méjì ní alẹ́. Kí a wọn án, kí a sì fún ẹni tí kò ní. Àwẹ̀ tí kò kan aládùúgbò tí ebi ń pa kò tíì dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Níkẹyìn, kí olúkúlùkù dán ara rẹ̀ wò ní ìparí àwẹ̀ rẹ̀. Kí ó má ṣe bi ara rẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ni òun gbà. Kí ó bi ara rẹ̀ pé: Ǹjẹ́ mo lè gba ìbáwí lẹ́nu ẹni tí ó kéré sí mi? Ǹjẹ́ mo lè jẹ́ ògbifọ̀ fún ẹlòmíràn, kí orúkọ tèmi má hàn? Ǹjẹ́ mo ti bẹ aya mi, tàbí ọkọ mi, tàbí alágbàṣe mi, fún ohun tí mo ṣe sí i? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gbòǹgbò ti ń wọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó má ṣe sọ̀rètí nù. Kí ó kúnlẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti kúnlẹ̀ kò ní ibi gíga tí yóò ti já bọ́.