Ìmúrasílẹ̀ fún Àbẹ̀wò sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀

Olùkọ́ tí yóò kó akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìgbàrà-Òkè lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1968 ní àyíká ààfin Ọlọ́wọ̀, ní láti kọ́kọ́ dá lọ fúnra rẹ̀. Òkìkí Ọ̀wọ̀ pọ̀ ju ohun tí ilé kékeré náà lè gbà lọ. Ní 1971, Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ sísun jáde ní Igbó Làjà, iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹkùn tí ó ń họ ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ. Èkó ni àwọn kan lára ère wọ̀nyí wà. Ọmọ tí ó ti rí àwòrán wọn nínú ìwé yóò wá wọn tì bí olùkọ́ kò bá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú.

Kò sì yẹ kí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ìtòsí Ìgbàrà-Òkè ni Ìsàrun wà, níbi tí Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti rí egungun ènìyàn tí ó lé ní 11,000 ọdún ní 1965, nínú Ihò Eléérú. (‘Iwo Eleru’ ni ìwé àwọn òyìnbó ń kọ ọ́, àkọtọ́ yìí nìkan tó iṣẹ́ kíláàsì kan.)

Ní Ọ̀wọ̀, ohun kan ṣoṣo ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró tì, kí ó yà á, kí ó sì padà bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ẹ̀ka-èdè tiwọn.