Agbẹjọ́rò Tó Bá Hollywood Ṣírò Owó

Ọmọ aládé Zamunda tó lọ wá ìyàwó ní New York ti pa ọ̀pọ̀ wa lẹ́rìn-ín. Ní 1988 ni òṣèré Eddie Murphy ṣe fíìmù náà, Coming to America, owó tó pa káàkiri ayé sì ju mílíọ̀nù 250 dọ́là lọ. Síbẹ̀, Paramount, ilé-iṣẹ́ tó gbé fíìmù náà jáde, sọ ní kóòtù pé àwọn ò rí èrè kankan lórí rẹ̀.

Art Buchwald, akọ̀ròyìn aláwàdà kan, ló pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó ti kọ ìtàn kúkúrú nípa ọba ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n rọ̀ lóyè nígbà tó ṣàbẹ̀wò sí Amẹ́ríkà, tó sì há síbẹ̀. Paramount ra ẹ̀tọ́ ìtàn náà ní 1983. Àdéhùn wọn sọ pé bí fíìmù bá jáde látinú rẹ̀, òun àti Alain Bernheim, tó fẹ́ gbé e jáde, yóò pín nínú èrè. Lẹ́yìn ọdún méjì, Paramount ní àwọn ò ṣe é mọ́. Ìgbà tó yá ni fíìmù Murphy jáde, tí kò sí orúkọ Buchwald níbẹ̀.

Pierce O'Donnell, lọ́yà ní Los Angeles, ló gba ẹjọ́ náà, ọgbọ́n tó lò sì jinlẹ̀. Kò pe ẹjọ́ olè. Àdéhùn ló dì mú. Ó kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ Paramount fúnra wọn jọ, ó fi wọ́n tọpa ìtàn Buchwald dé ọ̀dọ̀ Murphy. Ní oṣù kìíní ọdún 1990, Adájọ́ Harvey Schneider dá Buchwald láre.

Ó wá ku owó. Ibí yìí ni lọ́yà ti di oníṣirò. Kí Paramount tó dárúkọ èrè, wọ́n ti yọ owó ìpínkiri fíìmù, owó ìpolówó, ìnáwó ọ́fíìsì, èlé, àti ìpín Murphy. Àní wọ́n tún bu owó ọ́fíìsì lé owó ìpolówó lórí! Adájọ́ ní ìrẹ́jẹ wà nínú ìṣirò náà. Ní 1992, ó ní kí wọ́n fún Buchwald ní 150,000 dọ́là, kí Bernheim gba 750,000.

Láti di irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èèyàn á lọ yunifásítì, á lo ọdún mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́ òfin, á yege nínú ìdánwò àwọn lọ́yà ìpínlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ọ̀gá, nídìí àdéhùn àti ímeèlì tí kì í tán. Púpọ̀ nínú irú ẹjọ́ Hollywood bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń yanjú kó tó di pé adájọ́ jókòó lé wọn.

Lára àwọn tó dé iwájú adájọ́, èyí tó tú òṣèré sílẹ̀ jù ni ti òṣèrébìnrin Olivia de Havilland. Ọdún méje ni àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ fíìmù Warner Bros. Bó bá kọ̀ láti ṣe fíìmù kan, wọ́n á dá a dúró láìsanwó, wọ́n á sì fi oṣù wọ̀nyẹn kún ọdún méje náà. Lọ́yà rẹ̀, Martin Gang, rí i nínú òfin California pé kò sẹ́ni tó lè fi àdéhùn iṣẹ́ de èèyàn ju ọdún méje lọ, ó sì ní ọdún méje orí kàlẹ́ńdà ni òfin ń sọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1944, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Àmọ́ ní 1987, àwọn aṣòfin California fi ẹsẹ̀ kan kún òfin náà: bí olórin bá kúrò lẹ́yìn ọdún méje láìgbé gbogbo àwo tó ṣèlérí jáde, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lè pè é lẹ́jọ́ nítorí àwọn tó kù.