Bí ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín ọkọ̀ bá ń purọ́: Ẹ wo rọ́bà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó bọ́ọ̀dù

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni kì í fi etí nìkan gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì mọ́. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín, èyí tí wọ́n ń ki irin rẹ̀ bọ inú sàlẹ́ńsà, tí yóò sì sọ iye CO, CO2, HC àti ọ́síjìn tó wà nínú èéfín náà. Iṣẹ́ ń bẹ fún ẹni tó bá ní in. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́, oníbàárà ló máa ń kọ́kọ́ jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Rọ́bà ẹ̀rọ ti là díẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Afẹ́fẹ́ ìta ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń dàpọ̀ mọ́ èéfín. Ọ́síjìn á ga, CO2 á wálẹ̀. Mẹkáníìkì á ní epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kò tó, á ní kí oníbàárà ra pọ́ńpù epo tuntun. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tán, ohun tí ẹ̀rọ ń kà kò yí padà. Owó oníbàárà ti lọ, orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sì ń tẹ̀lé e lọ.

Ẹ̀rọ yìí ń mí bí èèyàn ni. Pọ́ńpù kékeré kan nínú rẹ̀ ló ń fa èéfín gba inú irin àti rọ́bà, dé ibi tí omi ń dúró sí, kó tó gba inú fílítà dé yàrá kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí ti ń kọjá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń ka CO, CO2 àti HC. Ọ́síjìn ní sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bó bá kọ “Low Flow” sójú, ohun kan ti dí ọ̀nà. Ẹ yọ rọ́bà kúrò níbi tó ti wọnú ẹ̀rọ, kí pọ́ńpù ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí ìkìlọ̀ náà bá lọ, ìta ni wàhálà wà: èérí dúdú ti dí orí irin, ẹnìkan gbé táyà lé rọ́bà, tàbí omi ti kún inú rẹ̀. Bí kò bá lọ, fílítà inú tàbí pọ́ńpù ni. Ẹ má fojú kéré omi o. Omi wà nínú èéfín gbogbo ọkọ̀, pàápàá láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi atẹ́gùn táyà fẹ́ rọ́bà náà, kó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, torí atẹ́gùn yẹn lè ba pọ́ńpù àti sẹ́ńsọ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ ihò lẹ ń wá, ẹ jẹ́ kí irin tutù, kẹ́ ẹ fi ìdérí rọ́bà dí gbogbo ojú ihò rẹ̀. Ohùn pọ́ńpù gbọ́dọ̀ yí padà, kí ìkìlọ̀ sì yọ. Bó bá ń bá iṣẹ́ lọ bíi pé kò sí nǹkan kan, ó ń rí afẹ́fẹ́ fà níbòmíràn. Ọ̀nà mìíràn ni pé kẹ́ ẹ ro CO àti CO2 pọ̀. Lára ọkọ̀ alépo pẹtiróòlù tí ara rẹ̀ yá, àpapọ̀ wọn máa ń sún mọ́ 15 nínú 100. Bí kò bá tó 12, ẹ fura sí ihò, yálà lára rọ́bà yín tàbí lára sàlẹ́ńsà ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ti iná ńkọ́? Ìgbà tí ọ̀nà èéfín bá ti já geere la tó lè fẹ̀sùn kan iná. Bí ẹ̀rọ kò bá tàn rárá, okùn iná àti fíúsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Iná tó ń lọ sókè sódò, tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ̀rọ ìjórin ń bá a pín, lè mú kí nọ́ńbà máa fò káàkiri. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 kó gbóná dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé irin sínú afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń rú èéfín kọ́ là ń pè ní afẹ́fẹ́ tó mọ́ o. Ọ́síjìn gbọ́dọ̀ wà nítòsí 20.9, kí àwọn yòókù sì sún mọ́ òdo. Bó bá jẹ́ ọ́síjìn nìkan ló ṣì kà, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti gbó. Bíi bátìrì ló rí, kì í sábà ju nǹkan bí ọdún 2 lọ, bẹ́ ẹ lò ó, bẹ́ ẹ ò lò ó. Ẹni tó ń ra tókunbọ̀ gbọ́dọ̀ ka owó sẹ́ńsọ̀ tuntun mọ́ owó ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ HC nìkan ló kọ̀ tí kò padà sí òdo, epo ló lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà. Ẹ jẹ́ kó máa fa afẹ́fẹ́ tó mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ pààrọ̀ rọ́bà. Ṣùgbọ́n bí CO, CO2 àti HC bá jọ bàjẹ́ pọ̀ tí ọ́síjìn sì dára, iná tó ń tàn nínú yàrá yẹn ni, tàbí ìdọ̀tí ti wọ ibẹ̀. Ẹ pe onímọ̀ ẹ̀rọ.

Bó bá dé, ẹ bi í léèrè gáàsì inú sílíńdà tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára, torí òun ni wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ náà wò. Ẹni tí kò gbé e wá, tó kàn ń tẹ bọ́tìnnì, tó sì ní bọ́ọ̀dù ti jó, tèmi ni pé ẹ má tíì sanwó fún un.

Lálẹ́, kẹ́ ẹ tó pa á, ẹ jẹ́ kó fa afẹ́fẹ́ tó mọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kẹ́ ẹ sì da omi inú rẹ̀ nù. Kí rọ́bà tó ń tú èéfín jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ náà yọ síta ṣọ́ọ̀bù. CO tó ń wọn yẹn kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.