Kíki àti Fífà: Ipa Pọ́límà Lórí Ìṣàn Olómi Tó Ń Yípo

Ẹ̀kọ mímu a máa ki, ṣùgbọ́n kì í fà. Ọbẹ̀ ilá a máa fà, bí omi rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Ìyàtọ̀ tí Yorùbá fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì wọ̀nyí hàn wà nídìí ìbéèrè pàtàkì kan nínú ẹ̀kọ́ físíìsì: kí ni ó ń da ìṣàn olómi tó ń yípo rú?

Ní 1923, G. I. Taylor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáhùn rẹ̀ fún olómi tí kì í fà. Ó fi olómi sáàrin sílíńdà méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Bí ti inú bá ń yí jẹ́jẹ́, ìṣàn náà a tòrò. Bí eré rẹ̀ bá kọjá ààlà kan, agbára tó ń ti olómi síta a borí kíki tó ń dì í mú. Olómi a sì pín sí ìyípo tó tò léra bí òrùka, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí lódìkejì èyí tó tẹ̀lé e. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé yìí, olómi tó ki púpọ̀, tó sì ń lọ jẹ́jẹ́, kò yẹ kó dàrú.

Pọ́límà yí ọ̀rọ̀ náà padà. Mólékù rẹ̀ gùn bí òwú tó ká jọ. Irú rẹ̀ ni ó ń mú ilá fà. Ìṣàn tó ń yípo a máa na òwú wọ̀nyí. Nítorí pé ọ̀nà ìṣàn náà tẹ̀, òwú tó nà a máa fún olómi sínú, bí rọ́bà ṣe ń fún ọrùn ọwọ́. Bí ìṣàn bá ń nà wọ́n kíákíá ju bí wọ́n ti lè ká jọ padà lọ, ìyapa kékeré a di ńlá, ìyípo tuntun a sì yọ.

Ní 1990, Larson, Shaqfeh àti Muller fi èyí hàn nínú olómi tí eré rẹ̀ kéré débi pé àlàyé Taylor kò lè kàn án. Ní 2000, Groisman àti Steinberg fi pọ́límà tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sínú omi ṣúgà tó ki. Ìṣàn jẹ́jẹ́ di rúdurùdu.

Síbẹ̀, pọ́límà kì í ṣe adàlúrú lásán. Ní 1948, B. A. Toms ròyìn pé pọ́límà díẹ̀ ń dín ìdènà kù fún olómi tó ń sáré rúdurùdu nínú páìpù. Ohun tó ń da ìṣàn jẹ́jẹ́ rú náà ni ó ń mú ti eré rọrùn. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn kíki nìkan kò tíì mọ bí olómi yóò ṣe hùwà. Ó gbọ́dọ̀ wọn fífà rẹ̀ pẹ̀lú.