Ẹ̀jẹ̀ Ríru Inú Oyún Kì Í Tán Lọ́jọ́ Ìkómọ

Tí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru bá bímọ láyọ̀, ohun tí ẹbí máa ń sọ ni pé ìyá yè, ọmọ yè. Ọpẹ́ yẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn nínú oyún lè bá a dọ́jọ́ alẹ́.

Ara ibi ọmọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oyún ṣì kéré, ó yẹ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ilé ọmọ fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè ṣàn dé ibi ọmọ. Lára àwọn aboyún kan, wọn kì í fẹ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ kò ní í tó ibi ọmọ lò mọ́, ibi ọmọ á wá máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, èyí tó ń ba inú iṣan jẹ́ káàkiri ara. Iṣan á fún, ẹ̀jẹ̀ á ru, kíndìnrín á máa jò, purotéènì á sì máa bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gba ìtọ̀ aboyún ní kílíníìkì. Gbogbo èyí ni àwọn dókítà ń pè ní preeclampsia. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí ẹ̀rọ bá ń ka 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, a kì í fojú kéré rẹ̀. Tó bá di 160 tàbí 110, pàjáwìrì ni, torí ó lè di gìrì. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, inú rírun lábẹ́ ìhà ọ̀tún: kí obìnrin má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ pé ó ti bímọ.

Lára ọ̀pọ̀ ìyá, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Síbẹ̀, ìwádìí ti fi hàn pé ewu ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ iwájú fún wọn ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ti àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì. Ó le jù fún ẹni tí tirẹ̀ tètè dé, tí wọ́n fi ní láti gbẹ̀bí rẹ̀ láìtọ́jọ́. Àwọn kan ti ní ohun tó ń fa àwọn àrùn yìí lára tẹ́lẹ̀, oyún ló tú u síta. Lára àwọn mìíràn, iṣan tó bàjẹ́ kì í san tán, ọkàn tó ti ṣiṣẹ́ àṣejù a sì nípọn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé káàdì oyún á ti sọnù, dókítà tó ń tọ́jú obìnrin náà ní ẹni àádọ́ta ọdún kò sì ní í béèrè. Ìyá, fi káàdì yẹn pamọ́. Sọ fún gbogbo dókítà tó bá yẹ̀ ọ́ wò pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ru nínú oyún. Wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ lọ́dọọdún, kí o sì yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú. Dín iyọ̀ àti magí kù, máa rìn. Tí o bá tún lóyún, tètè lọ sí kílíníìkì, torí dókítà lè fún ọ ní aspirin díẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 16, èyí tó ń dín ewu náà kù. Má fọwọ́ ara rẹ lò ó.

Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n bá yín wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ náà.