Owó sísan fún àwọn eléré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Owó sísan fún àwọn eléré ìdárayá yunifásítì jẹ́ àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní Amẹ́ríkà, lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n gba ju ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ. Àjọ NCAA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1906, fi òfin de irú owó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn alátìlẹ́yìn ní òógùn akẹ́kọ̀ọ́ ni yunifásítì ń tà fún tẹlifíṣọ̀n, àti pé ẹni tó bá fara pa lè má rí iṣẹ́ eré ṣe mọ́. Àwọn alátakò ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti tó owó iṣẹ́, àti pé èrè bọ́ọ̀lù ló ń gbọ́ bùkátà àwọn eré tí kì í pawó, bí ìlúwẹ̀ẹ́.

Ní ọdún 2009, Ed O'Bannon pe NCAA lẹ́jọ́ nítorí àwòrán rẹ̀ nínú eré kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá NCAA lẹ́bi nínú ẹjọ́ Alston. Láti oṣù Keje ọdún náà ni àwọn eléré ti lè fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó. Ní ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó gba yunifásítì láàyè láti san owó fún wọn tààrà.

Bóyá òṣìṣẹ́ ni wọ́n lábẹ́ òfin, àti bí ọkùnrin àti obìnrin yóò ṣe pín owó náà, ṣì ń fa àríyànjiyàn.